Yàrá tí Dróònù Sùn

Kí ẹ tó dá Ajarat lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ ní orogún ná. Ẹni tí kò ní orogún rí ló máa ń sọ pé owú kò dáa, pé ká fi sùúrù ṣe é, pé ọkọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó tuntun gba iwájú yín kọjá tẹ̀rín-tẹ̀rín láàárọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ibi tí sùúrù yín gbà lọ.

Ajarat bá Mojeed ọkọ rẹ̀ jẹ ìyà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wọn ní Kétu. Nígbà tí Mojeed ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri ibi ìsọmọlórúkọ, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ni wọ́n ń pè é, ata gbígbẹ àti kànáfùrù tí Ajarat ń tà ní Mile 12 ló ń gbé ilé ró. Òun ló bí Abdulrauf, tó ti wà ní yunifásítì báyìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Ìyá Rauf. Ìgbà tí nǹkan wá dẹrùn, tí Mojeed ríṣẹ́ gidi, ìgbà yẹn gan-an ló fẹ́ Màríyámọ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Màríyámọ̀, apọ́nbéporẹ́, ó tún wá níwà. Èyí tó níwà yìí ló dun Ajarat jù. Ká ní ọmọ náà burú ni, ara ì bá tù ú.

Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Yàrá àti pálọ̀ Ajarat wà lápá ọ̀tún, ti Màríyámọ̀ wà lápá òsì, kọ́ródọ̀ kan ló là wọ́n láàárín. Mojeed kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀ ló ń ṣe: ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ìyáálé, ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ìyàwó. Bí ìpín ẹnì kan bá ti pé, á ká ẹní ìkírun rẹ̀, á mú ṣájà fóònù rẹ̀, á sì kọjá sódì kejì kọ́ródọ̀. Kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n lójú Ajarat, ó jìnnà ju Mẹ́kà lọ.

Iṣẹ́ tí Mojeed rí yìí, iṣẹ́ dróònù ni. Obìnrin kan tó ń gbé ní Magodo, Aunty Edith, ló ní ilé-iṣẹ́ náà. Anthony ni ọ́fíìsì wọn wà, wọ́n ń fi dróònù wo òrùlé ilé ńláńlá àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì ń fi wọn ilẹ̀. Aunty Edith fúnra rẹ̀ ló kọ́ Mojeed bí wọ́n ṣe ń fò ó. Ó gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́, ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju tíréè lọ, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin fò, tó sì dúdú bíi kóró iṣin. Nítorí pé kùtù hàì ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, Mojeed kì í dá ẹ̀rọ náà padà sí Anthony. Inú àpótí rẹ̀ ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí Mojeed bá sùn, ibẹ̀ ni dróònù ń sùn.

"Ìyàwó kẹta rèé," Ajarat wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i.

Mojeed rẹ́rìn-ín. Ajarat náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀rín náà kò dé inú. Ó ń wo bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ẹ̀rọ náà ní kọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, tó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lára, ó ń ronú ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kan òun gbẹ̀yìn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí ni wọ́n ríṣẹ́ etí odò lápá Agboyi. Wọ́n fẹ́ ya àwòrán gbogbo ibẹ̀ láti òkè, kí àwọn tó gbéṣẹ́ náà wá lè mọ ibi tí omi máa gbà kí òjò tó dé. Igi pọ̀ níbẹ̀, oyin sì kún inú igi. Lójú oyin, ohun tó bá dúdú, tó ń kùn, tó tún ń sún mọ́ ilé wọn, olè ni. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n lé dróònù lókè, nígbà tó sì sọ̀kalẹ̀, wọ́n bá a sọ̀kalẹ̀ wá bá ẹni tó ni ín. Mojeed délé lọ́jọ́ náà, ètè rẹ̀ wú bí àkàrà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ilé wọn ti di Aunty Edith ní báyìí, Aunty Edith ní bẹ́ẹ̀.

"Aunty Edith ní dúdú ẹ̀ ló ń bí wọn nínú. A ti fi téèpù funfun wé e lára," Mojeed wí.

Lọ́jọ́ kejì: "Aunty Edith ní ká máa fò ó nígbà tí ìrì bá ṣì wà nílẹ̀, òtútù kì í jẹ́ kí oyin jáde. Kó sì gba òkè lọ tààrà, kó ga ju igi lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn."

Lọ́jọ́ kan tún rèé: "Ìyá Rauf, ṣé o mọ̀ pé tí oyin kan bá ta á, òórùn oró ẹ̀ ò ní kúrò lára ẹ̀? Òórùn yẹn ló ń pe àwọn tó kù. Aunty Edith ní tí mo bá ti délé, kí n máa fi ọṣẹ àti spirit nù ún."

"Aunty Edith yìí, ṣé wọ́n ní ọkọ nílé?" Ajarat bi í.

"Wọ́n ní ọkọ, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Kí ló dé?"

"Mo kàn bèèrè ni."

Ọgbọ́n Aunty Edith ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Agbọ́n tó máa ń ta mọ́ ẹ̀rọ náà lábẹ́ òrùlé àwọn ilé Magodo kò tún dán an wò mọ́. Ṣùgbọ́n ní Agboyi, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, dróònù á lọ, á bọ̀, kò sí kòkòrò tó máa wojú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, oyin á ti ibi tó jìnnà gbéra, wọ́n á sì dojú kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Téèpù náà ni, ìrì náà ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà.

Mojeed ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó jókòó sí pálọ̀ Ajarat nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣírò nǹkan lórí ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Rauf, mo fẹ́ sọ nǹkan kan, má fi mí rẹ́rìn-ín."

"Sọ ọ́."

"Gbogbo ọjọ́ tí oyin lé wa, yàrá Màríyámọ̀ ni mo ti jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ ni mo ti jáde, kò sí wàhálà. Mo ti rò ó títí, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ajarat kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀rín náà pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, ó dùn létí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ èèyàn níbi ìfúnni-lẹ́bùn. "Kí lo wá rò pé ó fà á?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá orí àwa méjèèjì ni ò bára mu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. Tí mo bá ba ẹ̀rọ Aunty yìí jẹ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn."

Bí ìpín ṣe yí padà nìyẹn. Alẹ́ tí iṣẹ́ bá wà lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Ajarat ni Mojeed àti àpótí rẹ̀ ń sùn. Iṣẹ́ sì ń wà lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ Àìkú. Alẹ́ Àbámẹ́ta nìkan ló kù fún Màríyámọ̀, bí ẹni tí wọ́n bu ìsàlẹ̀ ìkòkò fún.

Ẹ ò rí Ajarat lásìkò yẹn. Ó ń kọrin láti ìdí ààrò. Ó padà sí ìdí lálì tó ti fi sílẹ̀. Dróònù tó ń pè ní ìyàwó kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń gba àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpò kànáfùrù rẹ̀, tó sì ń fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn oyin. Nínú gbogbo ẹ̀dá Ọlọ́run, àwọn nìkan ló dìde jà fún un láti ìgbà tí Màríyámọ̀ ti wọlé.

Ó wá ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó lọ mú ìkòkò ńlá rẹ̀ lọ́dọ̀ orogún rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni Màríyámọ̀ ń tà ní Mile 12. Tútù ló máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti pálọ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á da àpò bò ó títí á fi pọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n. Ó ti ṣí àpò kúrò lórí wọn, òórùn dídùn náà sì gba gbogbo yàrá kan.

Ajarat dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn náà gbé e, ó di Ṣakí, ilé bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa lọ fín oyin nínú igbó. Bó bá ti ku ọ̀la tó máa lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ilé wọn. Àbúrò bàbá kan fi orí kunkun jẹ ẹ́ nígbà kan, ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n délé. Bàbá máa ń sọ pé bí oyin bá fẹ́ ké sí ara wọn pé ogun dé, òórùn tí wọ́n ń tú jáde, bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ló rí.

Ó yé e lẹ́sẹ̀ kan náà. Tìmùtìmù tó wà nínú àpótí dróònù ń fa òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ra láti alẹ́ dé àsùbáà. Tí ẹ̀rọ náà bá wá dé òkè, ariwo ogun ló ń gbé kiri fún oyin. Kì í ṣe orí Màríyámọ̀ rárá. Ọjà rẹ̀ ni.

"Ìyáálé mi, ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ dání," Màríyámọ̀ wí. Ó ti ya ìdì kan tó dáa sọ́tọ̀ fún un.

"Rárá, ọ̀rẹ́ mi. Inú mi ò fẹ́ ẹ lónìí."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó padà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó sì jókòó. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Gbólóhùn kan péré ni: ẹ má gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ gbólóhùn yẹn, Mojeed á tún máa kọjá sódì kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀ lọ́kàn bí ẹni tó wà ní kóòtù. Ṣé òun ló ní kó máa ta ọ̀gẹ̀dẹ̀? Òun kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Òun kò fi nǹkan kan sínú oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Oyin ló ṣèdájọ́, ẹ lọ bá oyin jà. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Àwọn tó pa òwe yẹn kò ní irú èyí lọ́kàn, ṣùgbọ́n Ajarat gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ Ajarat ni Mojeed ti ń ṣínu. Màríyámọ̀ á gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, á kúnlẹ̀ gbé e sílẹ̀, á padà. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó tẹ̀lé Ajarat dé ìdí ààrò.

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ nǹkan tí mo ṣe. Ṣé èmi ni mò ń fa oyin ni? Ẹ̀rù ara mi ti ń bà mí."

Ajarat yí ojú sí ìkòkò. "Máa ṣe sàárà. Máa gba nàfílà. Ọlọ́run á yanjú ẹ̀."

Màríyámọ̀ lọ ṣe sàárà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa ló kó fún àwọn ọmọ ilé-kéwú. Ajarat rí i láti ojú fèrèsé. Ó ṣàánú ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àánú kan ò tíì borí owú rí láyé yìí, pàápàá nígbà tí ọkọ bá ti fẹ́ máa wọlé bọ̀.

Ọdún ìtúnu kọjá, iṣẹ́ Agboyi ku bí ọjọ́ díẹ̀ kó parí. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, Màríyámọ̀ dúró ní kọ́ródọ̀, kò jẹ́ kí Mojeed kọjá.

"Ẹ̀tọ́ mi ni mò ń bèèrè, Bàbá Rauf. Èmi náà la so yìgì fún. Tí ẹ bá máa fi oyin kọ̀ mí, ẹ sọ fún mi."

Ó ń sunkún. Mojeed wo ilẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dájú, ojú sì tì í. "Ó dáa. Òní, mo máa sùn lọ́dọ̀ ẹ. Ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀." Ó wọ yàrá Ajarat, ó gbé àpótí rẹ̀ jáde.

Ajarat ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Gbólóhùn mìíràn wà tó lè sọ tí kò ní tú àṣírí kankan: ẹ fi àpótí yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìyẹn nìkan ti tó. Ó ya ẹnu. Ó wá rò ó pé bí ọkọ òun bá sùn lọ́hùn-ún, tí oyin kò sì wá lọ́la, nígbà náà ó parí fún òun. Ó pa ẹnu dé.

"Ó dàárọ̀ o," ó wí.

"Ó dàárọ̀, Ìyá Rauf."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó wà létí odò ní bí èéfín ni wọ́n ṣe rí oyin náà. Wọ́n bo dróònù débi pé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò lè yí mọ́, ó sì já sínú omi. Àwọn tí kò rí ẹ̀rọ bá jà mọ́ wá yíjú sí Mojeed. Ó sá, ó ṣubú, ó bo ojú. Àwọn apẹja ló fi aṣọ tútù wé e, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e jáde, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ó lé ní ọjọ́ kan kó tó mọ ibi tó wà.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, yàrá Ajarat ló ní kí wọ́n gbé òun lọ. Ojú rẹ̀ kan ti pa dé, ìkejì kò ju ìlà lọ. Ajarat ń fi omi tútù nù ún lójú. Bó bá kú ńkọ́? Ó lé ìbéèrè náà lọ bí ẹni lé adìẹ, ó tún padà wá.

"Màríyámọ̀ á lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́," Mojeed wí, ọ̀rọ̀ ń nira lẹ́nu rẹ̀. "Kó lọ síbẹ̀ ná. Mo bẹ̀rù ọmọ yẹn."

Gbólóhùn tí Ajarat ti ń retí láti ọjọ́ ìyàwó nìyẹn. Ó gbọ́ ọ, ó fún aṣọ omi, ó tún rì í bọ inú abọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pe àwọn àgbà jọ sí pálọ̀ Ajarat. Àáfà mọ́sáláṣí wọn wá láti Ìkòsí, bàbá Màríyámọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, ó mú fìlà lọ́wọ́, kò lè jókòó dáadáa nítorí ìtìjú. Màríyámọ̀ jókòó sílẹ̀, ó ti di báàgì rẹ̀. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí mọ́tò kan dúró níta. Aunty Edith ló wá kí Mojeed láti ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mojeed, pẹ̀lẹ́. How is the eye? Má ronú nípa drone yẹn jàre, ó ní insurance." Ó kí àwọn àgbà tìkúnlẹ̀tìkúnlẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣèpàdé, òun máa padà wá. Àáfà ní kó jókòó, pé ọ̀rọ̀ oyin náà ni. Wọ́n sì sọ ọ́ fún un: yàrá tí ẹ̀rọ bá sùn, bí oyin ṣe ń mọ ìyàtọ̀.

Aunty Edith kò rẹ́rìn-ín. "Wait. Ẹ ní gbogbo ìgbà tó bá sùn níbẹ̀ ni? Every time?"

"Gbogbo ìgbà, Aunty," Mojeed wí.

"Màríyámọ̀, kí ló wà nínú yàrá ẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, ma. Ọjà mi nìkan ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Banana? Èyí tó ti pọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń kó o sí."

Aunty Edith gbá orí ara rẹ̀. "Mo ti kà á níbì kan o, mi ò ronú kàn án. Oyin ní òórùn kan tí wọ́n fi ń pe ara wọn fún fight, exactly bíi banana pípọ́n ló ń run. A ń fi spirit nu drone, ẹ wá ń gbé e sùn sínú òórùn yẹn gan-an. Kì í ṣe orí ẹnikẹ́ni, Àáfà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

Bàbá Màríyámọ̀ dé fìlà rẹ̀ padà. Màríyámọ̀ bú sẹ́kún. Mojeed na ọwọ́ tó wú sí i, ó dì í mú lójú gbogbo wọn.

"Màríyámọ̀, má bínú. Má bínú sí mi. Mo fìyà jẹ ẹ́ láìṣẹ̀." Ó wá yí ìlà ojú rẹ̀ sí Aunty Edith. "Aunty, Ọlọ́run ló fún yín ní ọpọlọ yẹn. Kò sí obìnrin kan nínú ilé yìí tó lè ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé."

Ajarat wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Ká ní ó dákẹ́ ni, tirẹ̀ ì bá ti parí sí ire: ìpín á padà sí bó ṣe wà, kò sí ẹni tó máa mọ̀ títí ilẹ̀ á fi pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Màríyámọ̀, ìyìn rẹ̀ wà lọ́rùn Edith, òun tó ń fi omi nu ojú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ìránṣẹ́. Kò sí obìnrin kan nínú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìyẹn tí wọ́n fi ń yìn èèyàn? Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá mi kì í jẹ́ ká jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti fẹ́ lọ fín oyin. Ọjọ́ tí mo wọ yàrá Màríyámọ̀ báyìí ni mo ti mọ̀ pé…"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"O ti mọ̀ pé kí ni?" Mojeed bi í.

Ajarat yí ojú sí abọ́ omi ọwọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n wá mú ìkòkò wọn ni," Màríyámọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kò le, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. "Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀. Gbogbo àwẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni mò ń ṣínu. Mo bi wọ́n léèrè bóyá èmi ni mò ń fa oyin. Wọ́n ní kí n máa ṣe sàárà."

"Ìyá Rauf," Àáfà wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mò ń jowú, Àáfà." Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ nítorí omi ti ń dà sí i lẹ́sẹ̀. "Ọkọ mi ni mo fẹ́. Mi ò ní ọ̀nà mìíràn tí mo fi lè rí i."

Mojeed wò ó pẹ́. "Lálẹ́ Ọjọ́rú, o dúró sí ibi tí o dúró sí yìí. O rí mi tí mo gbé àpótí wọlé síbẹ̀. O mọ̀ pé oyin máa ta mí. O wá ní kó dàárọ̀."

Aunty Edith ń wo bàtà ara rẹ̀.

Àáfà fẹ́ kí ilé tòrò. Ó bá Ajarat wí, ó sì bá Mojeed náà wí, pé ọkùnrin tó ń fi oyin ṣírò ìpín obìnrin, òun náà ti ṣì í. Ó wá ní àforíjì wà láàárín Màríyámọ̀ àti ìyáálé rẹ̀, ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n òru tí ọkọ bá jẹ ìyàwó kan, ẹ̀tọ́ ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ san án padà láti inú ìpín ẹni tó jẹ àǹfààní rẹ̀, àyàfi kí ẹni tó ni ín yọ̀ǹda rẹ̀.

Gbogbo wọn yíjú sí Màríyámọ̀. Ajarat náà wò ó. Ọmọ tó níwà ni, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo foríjì wọ́n," Màríyámọ̀ wí. "Látọkànwá ni. Bàbá Rauf, mo foríjì ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n mi ò yọ̀ǹda òru mi. Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́."

"Mélòó ni?" Àáfà bèèrè.

Mojeed kò mọ̀. Ajarat kò mọ̀, ẹni tó ń jẹ adùn kì í ka òkèlè. Màríyámọ̀ ló mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló ń kà á lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lóròòru. Ó dárúkọ iye rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀, Àáfà sì ní kó tún un pè, ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

Kí Mọ̀gàríbì tó dé, wọ́n ti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbogbo jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí Màríyámọ̀ gbà lójú ọjà. Lẹ́yìn ìrun, Mojeed dìde lórí bẹ́ẹ̀dì Ajarat, ó ń fọwọ́ wá ògiri nítorí ojú rẹ̀ tí kò tíì là. Ajarat fẹ́ dì í mú, ó yẹ apá rẹ̀ sẹ́yìn. Màríyámọ̀ ló wá dì í mú, ó mú un kọjá sódì kejì, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Ajarat jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láàárín àpò ata rẹ̀. Ó jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Iṣai. Lẹ́yìn náà, ó ká ìka rẹ̀ kan.

"Ọ̀kan," ó wí.